Ìjọba Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ní Glenn Dale

Lọ́jọ́ kejì tí ẹgbẹ́ wa dìbò, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí inú rẹ̀ dùn. Àwọn tó wọlé ń bínú, àwọn tó fìdí rẹmi ń bínú, àwọn tí kò tilẹ̀ lọ dìbò rárá ló wá ń bínú jù.

Mo ń ránṣọ ní Riverdale Park nílùú òyìnbó níbí, lójú títì Route 1, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni mo máa ń gé lẹ́sẹ̀ jù, aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló tẹ̀lé e. Ẹni tí mo bá ti fi abẹ́rẹ́ há aṣọ mọ́ lára kò lè sá lọ. Tí mo bá bi í ní nǹkan, yóò dáhùn.

Bí ìdìbò náà ṣe rí nìyí. Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Yorùbá ní gbọ̀ngàn kan ní Glenn Dale, ó ní bọ́ọ̀sì kan, ó sì ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló du ipò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fa ènìyàn mọ́kànlá kalẹ̀. Dókítà Adétòkunbọ̀ ló ni Ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni. Ọláolú, tó ń bá àwọn ènìyàn wá ilé tí wọ́n fẹ́ rà, ló ni Àtúnṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ni Ìṣọ̀kan, Adérónkẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù kan ní Largo sì ni olórí wọn. Olúkúlùkù wa ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan orúkọ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Ìmọ́lẹ̀ mú márùn-ún, Àtúnṣe mú mẹ́rin, Ìṣọ̀kan mú méjì.

Òfin ẹgbẹ́ ní ọ̀wọ́ tó bá pọ̀ jù ni yóò ṣe ìjọba. Òfin yẹn kan náà ní kò sí ohun tí yóò kọjá àyàfi tí àwọn tó fọwọ́ sí i nínú àwọn tó wà lórí ìjókòó bá pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ. Ẹni márùn-ún wá ń ṣe ìjọba, ẹni mẹ́fà ń wò wọ́n lójú.

Bàbá Ẹkúndayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sì wá kí n bá òun tú ìbàdí ṣòkòtò kan, torí pé ìfẹ̀yìntì náà ti bá ikùn rẹ̀ mu.

"Ìjọba ẹlẹ́sẹ̀ kan nìyí," ni ó wí. "Tí ó bá fẹ́ sín, àfi kó di ẹlòmíràn mú kó má baà ṣubú. Ta ló dìbò báyìí fún wa?"

Ọmọ́kẹ́mi, akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dúró sórí àpótí mi, mo ń wọn ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn èèyàn wa ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni. Wọn ò lè dúró sójú kan."

"Ìwọ ńkọ́?" ni mo bi í. "Ta lo dìbò fún?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ mọ̀ pé ìyàwó Dókítà ló ń kọ́ wa lórin. Mo fún wọn ní márùn-ún."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ọláolú ló bá wa rí ilé tí à ń gbé, Àǹtí Ọmọ́jọlá. Mo fún un ní mẹ́rin."

"Ó ku méjì."

"Adérónkẹ́ ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo bí Tósìn. Ṣé kí n wá fún un ní òdo?"

Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kí n lè rẹ́rìn-ín. "Márùn-ún, mẹ́rin, méjì. Ọmọ́kẹ́mi, ìwọ nìkan ni gbogbo ìdìbò náà. Kò yẹ kí wọ́n dààmú àwa yòókù."

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀.

Bàbá Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Mo wá kọjú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Àgbà ni mí. Àgbà kì í ṣe ojúsàájú."

"Ìyẹn ni pé kí ni, sà?"

"Mo pín in." Ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe. "Tìmílẹ́yìn tó fẹ́ ọmọ mi wà nínú Àtúnṣe. Ṣé kí n yọ orúkọ àna mi sílẹ̀, kí ọmọ mi wá máa gbọ́ ọ nílé? Tí mo bá sì ti yan òun, ó dà bí ẹni pé kí n yan àwọn tó bá a dúró. Dókítà náà kí mi nígbà tí orúnkún ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ti kí mi tán, ọmọ yìí. Ẹni tó bá ti jẹ ìkíni ènìyàn, kò lè kàn nu ẹnu kó máa lọ."

Bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ gbogbo wọn nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo bi gbogbo ẹni tó wọlé. Jamilah aládùúgbò mi pín in. Pásítọ̀ pín in. Obìnrin kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun dìbò fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba, ó wá ku méjì, ó sì ń bi mí bóyá wọ́n ti mọ ẹni tí òun fún ní méjì yẹn. Ojú ló ń ti gbogbo wọn. Wọ́n wá ń wá ẹni tó ba ìdìbò jẹ́ kiri.

Èmi ò pín tèmi. Ìmọ́lẹ̀ ni mo fún ní mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Kì í ṣe torí Dókítà, nítorí tí Dókítà bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń wò ó bóyá ó ti dé ibi tó ń lọ. Torí bọ́ọ̀sì ni mo ṣe dìbò.

Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń wá gbé màámi ní Ọjọ́rú. Nígbà tí bàbá mi kú ni mo mú wọn wá láti Ọ̀yọ́. Mo rò pé mo ń ṣe wọ́n lóore. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo ń fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò gbọ́ ohun tó ń wí, nígbà tí mo bá sì dé, wọ́n á ti dákẹ́ débi pé ohùn wọn á ti há. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bá fíríìjì wí nítorí ó ń kùn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ló tú wọn sílẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú ó ń kó àwọn àgbà láti ilé dé ilé lọ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á ta lúdò, wọ́n á jà lórí lúdò, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún jà, bọ́ọ̀sì á sì kó wọn padà. Ní Ọjọ́bọ màámi á ròyìn ìjà náà fún mi. Ní Ẹtì wọ́n á tún un ròyìn, a ó rí i pé àwọn ló jàre. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà, ọjọ́ Ọjọ́rú sì ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kó aṣọ wá jù. Tí bọ́ọ̀sì bá dúró, màámi náà dúró.

Àṣẹ tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ fi yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì fún àwọn àgbà ti bá ìgbìmọ̀ àtijọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ tuntun ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe níjòókòó àkọ́kọ́. Bí kò bá kọjá lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ kí ó máa bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ọláolú àti Àtúnṣe fẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa gbé àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú. Ti Ìṣọ̀kan ló kù.

Mo ní kí n bá Adérónkẹ́ sọ ọ́. Ó wọlé láàárọ̀ bí ó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó kó ṣòkòtò iṣẹ́ méjì dání.

"Adérónkẹ́, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì àwọn ìyá wa kọjá."

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò bá bọ́ọ̀sì jà."

"Kí lo wá ń bá jà?"

"Mítìn. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣe mítìn ẹgbẹ́ yìí? Ọ̀sán Sọ́ńdè. Ìgbà wo ni a máa ń sùn, àwa tá a ṣiṣẹ́ alẹ́ Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè? Ọ̀sán Sọ́ńdè. A ti kọ̀wé, a ti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e tó, wọn ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ sọ fún Dókítà, báyìí tó nílò yín."

"Òun ni kó pè wá! Òun ló ń ṣe ìjọba. Àwa méjèèjì ti sọ ọ́ pé títí ó fi máa pè wá, ohunkóhun tó bá gbé wá, rárá la máa wí. Ì báà jẹ́ ìkíni ọdún tuntun."

"Bí ó bá jẹ́ pé ìyá tìẹ ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?"

Ó gbé àwọn ṣòkòtò náà lé orí tábìlì. "Ẹ má fi ìyá mi mú mi, Àǹtí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ mi lélẹ̀ fún àwọn tó yàn mí." Ó yán. "Ẹ bá mi gé e kó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀."

Mo gé e. Mi ò bínú sí i. Ohun tó sọ yé mi, mo sì fẹ́ràn ẹni tí ohun tó sọ bá yé mi.

Dókítà ló wá kù. Mo lọ bá a lẹ́yìn ìsìn, ní ibi tí àwọn ọkọ̀ dúró sí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ẹ kú ìsìn, sà. Ẹ pe Adérónkẹ́, ẹ sún mítìn sí àárọ̀ Sátidé, àwọn náà á fọwọ́ sí bọ́ọ̀sì."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Àǹtí Ọmọ́jọlá, ìjọba yìí jẹ́ ìjọba ìfìmọ̀ṣọ̀kan. A ó na ọwọ́ ìfẹ́ sí gbogbo ẹ̀yà ìgbìmọ̀ náà, kí afẹ́fẹ́ ìgbọ́ra-ẹni-yé lè fẹ́ sórí ilé wa."

"Ṣé ẹ máa pè é?"

"Ọ̀rọ̀ ìpè kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyíká tí ìpè ti lè so èso rere ni."

"Ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, sà?"

Kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo fẹ́ fún un, ó ní akọ̀wé òun ni kí n fún. Ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wò mí, ó sì gbójú sókè bí ẹni ń bá mi kẹ́dùn.

Bí mo ṣe délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màámi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ o. Ó lè má kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ò tó, Ìṣọ̀kan ò fẹ́, Ọláolú náà ò fẹ́."

"Ọláolú?" Wọ́n gbé ojú sókè. "Ọláolú wo ni kò fẹ́?"

"Ọláolú Àtúnṣe. Òun ló fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù."

"Ọmọ dáadáa ni. Òun ni mo dìbò fún."

Mo jókòó. "Màámi, mélòó lẹ fún un?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá?"

"Ṣé wọ́n ní kí n ṣẹ́ kù ni?" Wọ́n ju òkúta ẹ̀wà kan sínú abọ́. "Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti Àgúnpopo wá, ní Ọ̀yọ́. Ó jókòó tì mí ní gbọ̀ngàn, ó ń bi mí ní ilé bàbá mi. Ó mọ ilé alágbẹ̀dẹ tó wà níwájú wa! Ó ní ìyá òun àgbà máa ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yín yìí, ta ló ti bi mí ní ilé bàbá mi rí?"

"Ṣùgbọ́n ó ní òun á gba bọ́ọ̀sì yín! Ó wà nínú ìwé tí wọ́n pín."

"Kò sọ ìyẹn fún mi. Ilé alágbẹ̀dẹ la sọ. Mi ò sì mú awò ojú dání."

Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló wá. Màámi dìbò fún ẹni tí yóò gba Ọjọ́rú lọ́wọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ kábàámọ̀. Mo ní kí n bá wọn tẹ fóònù sí i kí wọ́n bẹ̀ ẹ́.

"Bẹ ta ni? Lórí fóònù?" Wọ́n gbọn ọwọ́. "Mi ò ní bẹ ọmọ Àgúnpopo. Ìwọ ṣáà mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìjókòó náà. Sọ fún Bàbá Ẹkúndayọ̀ kó dúró dè mí."

Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wo ìpàdé lásán ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n jókòó, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wà ní tábìlì gígùn níwájú, àwa olùdìbò wà lórí àga lẹ́yìn, gbogbo wa ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àwọn ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Alhaji Abdulqoyyum ni alága ìjókòó. Kò sí nínú àwọn mọ́kànlá, kì í sì í dìbò. Òfin nìkan ló fẹ́ràn. Adérónkẹ́ jókòó sí ìkángun, ó ń yán, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a dá ayé. Nígbà tó dé orí ipa àwọn àgbà nínú ọ̀làjú, Jamilah tẹ orí mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí: "Àǹtí, ṣé ó ti kúrò nínú páàkì?"

"Ó ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́," ni mo wí.

Ọláolú náà dìde. Òun ò pẹ́. Ó ní àwọn ọmọ ń jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dé alẹ́, pé bọ́ọ̀lù á gbé wọn dìde, pé Ọjọ́rú ni ẹni tó ń kọ́ wọn ráyè. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò ṣeé ṣe fún mi dáadáa.

Alhaji Abdulqoyyum wá kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ó tó. A fẹ́ dìbò."

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ohùn láti ẹnu ilẹ̀kùn tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọláolú! Ọláolú, ọmọ Àgúnpopo! Ṣé ìwọ ni mò ń wò yìí, o ò tíì kí mi?"

Màámi ni. Wọ́n di fírémù ilẹ̀kùn mú. Bàbá Ẹkúndayọ̀ wà lẹ́yìn wọn, ó ti wọ ṣòkòtò tí mo bá a tú.

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí Ọláolú. Ó wo Alhaji, ó wo màámi, ó tún wo gbogbo àwa tó ń wò ó. Ẹ sọ fún mi, níbo ni ọmọkùnrin Yorùbá kan yóò jókòó sí lójú gbogbo ènìyàn, tí ìyá arúgbó tó mọ ilé ìyá rẹ̀ àgbà ń pè é, tí yóò sì sọ pé kí wọ́n dúró, òun ń ṣe òṣèlú? Ó dìde. Ó ń yára kó lè kí wọn tán kó padà.

"Ìwọ náà, Tìmílẹ́yìn!" ni Bàbá Ẹkúndayọ̀ wí. "Àbí o ò mọ̀ mí mọ́ láti ìgbà tó o ti di ìgbìmọ̀?"

Tìmílẹ́yìn fò dìde bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni.

Mo sún àga mi kí n lè rí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú sùútù wọn. Màámi gbé ọwọ́ lé Ọláolú lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ọlọ́run yóò gbé ọ ga."

"Àmín, mà."

"Ilé tó o bá fẹ́ tà, yóò tà."

"Àmín, mà."

"Ẹni tó bá ní kó má tà, ilé tirẹ̀ ni yóò tà, ìwọ ni yóò sì bá a tà á."

"Àmín, mà. Ẹ ṣé, mà." Ó gbé àyà sókè díẹ̀.

"Dúró, mi ò tíì dé orí ìyàwó."

Ó padà sílẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, Alhaji Abdulqoyyum gbé gíláàsì sójú. "Àwọn tó fọwọ́ sí i pé kí bọ́ọ̀sì máa gbé àwọn àgbà ní Ọjọ́rú, ẹ na ọwọ́."

"Alága, ẹ jọ̀ọ́!" Ọ̀kan nínú àwọn Àtúnṣe méjì tó ṣẹ́ kù pariwo. "Olórí wa wà níta!"

"Kí ló ń ṣe níta?"

"Wọ́n... wọ́n ń ṣàdúrà fún un."

Alhaji wo gbogbo ilé. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n ránṣẹ́ lọ dá àdúrà àgbà dúró? Kí ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde dúró ká rí i, ká kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó dìde. Ọkùnrin tó pariwo náà rọra jókòó, ó sì tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ a gbọ́ pé màámi ti dé orí àwọn ọmọ, pé wọ́n ń bi Ọláolú ní orúkọ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Òfin ní àwọn tó wà lórí ìjókòó," ni Alhaji wí. "Ẹ na ọwọ́."

Ìmọ́lẹ̀ na ọwọ́ márùn-ún. Àwọn tó kọ̀ ọ́: Àtúnṣe méjì tó ṣẹ́ kù, àti Ìṣọ̀kan méjì. Adérónkẹ́ na tirẹ̀ ga gan-an bó ṣe sọ pé òun yóò ṣe, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

"Márùn-ún sí mẹ́rin. Ó kọjá."

"Àmín!" ni Ọláolú wí níta. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ariwo tó tẹ̀lé e kò kéré. Ẹnìkan ní ìrẹ́jẹ ni. Ẹlòmíràn ní báwo ni àdúrà ṣe jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ọmọ́kẹ́mi ní òun ti mọ̀ pé ìjọba ẹlẹ́sẹ̀ kan dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ síbi ọkọ̀ wọn.

Nínú ọkọ̀ Jamilah tó gbé wa sílé, mo yíjú sẹ́yìn. "Màámi, ẹ mọ̀ pé ìbò ni wọ́n ń dì nígbà yẹn."

"Kí ni mo mọ̀? Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí."

"Ẹ ò tíì gbàdúrà gígùn tó bẹ́ẹ̀ fún èmi rí."

"Ìwọ kì í dúró lórí ìkúnlẹ̀," ni wọ́n wí. "Tí mo bá ti dé orí owó, wàá ní o ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Lọ́jọ́ kejì, Ọláolú wá sí ṣọ́ọ̀bù. Orúnkún sùútù rẹ̀ ti fà ya. Ojú tì mí díẹ̀, mo ní mo máa rán an lọ́fẹ̀ẹ́.

"Àwọn èèyàn mi fẹ́ jẹ mí lẹ́ran," ni ó wí. "Wọ́n ní mo ta wọ́n. Mo ní ṣé ẹ̀yin lẹ máa dìde nínú àdúrà?"

"Kó o sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o gbọ́ nígbà tí Alhaji ní kí wọ́n na ọwọ́?"

Ó wo ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe láti ojú fèrèsé. "Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Àǹtí. Mo gbọ́."

"Tìmílẹ́yìn ńkọ́?"

"Òun náà gbọ́. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, wọn ò tíì dé orí ìyàwó tirẹ̀."

Mo dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ilé.

"Láti ọjọ́ tá a dìbò, kò sẹ́ni tó rí mi tí kò sọ pé òun dìbò fún mi. Tí mo bá bi wọ́n síwájú díẹ̀, màá gbọ́ pé mẹ́ta ni, mẹ́rin ni. Nínú àdúrà yẹn Màámi ní, 'Bí mo ṣe fún ọ ní gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí Ọlọ́run fún ọ ní gbogbo tìrẹ.' Àǹtí, ìyàwó mi gan-an pín in. Ó ní Adérónkẹ́ lọ́rẹ̀ẹ́ òun. Ẹyọ ẹnìkan péré tó fún mi ní gbogbo rẹ̀, òun ni mo fẹ́ gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni mo ń dìde lọ?"

"Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wá ńkọ́?"

"Mo ti pe ẹni tó ń kọ́ wọn. Ó lè ṣe Ọjọ́bọ."

"O ò pè é tẹ́lẹ̀ ni?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n pè é tẹ́lẹ̀."

Dókítà náà gba nọ́ńbà Adérónkẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, lọ́wọ́ mi, kì í ṣe lọ́wọ́ akọ̀wé. Àdúrà kan ti gbé ìjọba rẹ̀ kọjá, ó sì mọ̀ pé màámi ò ní wà lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Adérónkẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó bá òun sọ kò tó ìṣẹ́jú kan: ọjọ́ wo lẹ fẹ́? Sátidé. Aago mélòó? Mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní òun tún fóònù wò bóyá Dókítà náà ni lóòótọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń bú ìjọba ẹlẹ́sẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi o. Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ti ń san owó ẹgbẹ́ yìí tipẹ́, mi ò rí ìgbà tí ẹni tó ń ṣe ìjọba pe ẹnìkan láti bi í ní ohun tó fẹ́.

Ní Ọjọ́rú, òjò ń rọ̀. Bọ́ọ̀sì fun fèrè níwájú ilé kí màámi tó mu tíì wọn tán. Mo ní kí wọ́n dúró kí n bá wọn wá agbòòrùn, kí n bá wọn de bọ́tìnì kóòtù. Wọ́n ti wà ní àtẹ̀gùn.

"Tí mo bá pẹ́, Bàbá Ẹkúndayọ̀ á gba àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọnú òjò lọ láìwẹ̀yìn.